Ẹ Jẹ́ Kí Agogo Ilé Yín Máa Sọ Òótọ́

Ọ̀rọ̀ agogo ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe agogo ọrùn ọwọ́, kì í sì í ṣe ti inú fóònù, bí kò ṣe agogo ńlá tí a ń gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, èyí tí ń lù nígbà tí wákàtí bá pé. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ti agogo nínú ọ̀rọ̀ ilé? Bí kò bá lù dáadáa, ẹ wo ojú rẹ̀, ó parí." Òótọ́ ni, fún ẹni tí ojú rẹ̀ ríran. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé àwọn kan wà nínú ilé wa tí ó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń wo agogo. Nítorí tiwọn ni mo ṣe mú kálámù.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́, mo sì ka ìwé mẹ́fà. N kì í ṣe alágogo. Ládàánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Agége, èmi ni mo ń pe ìrun, nítorí náà ọ̀rọ̀ àkókò kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Bàbá wa, kí Ọlọ́hun dẹ ilẹ̀ fún un, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti bá ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́ kì í fẹ́ràn ẹni tí ń pẹ́. Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n san owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹlòmíràn fi ra rédíò, tí ẹlòmíràn fi ra alùpùpù, agogo ara ògiri ni bàbá wa yọ nínú tirẹ̀ rà. Igi ni ara rẹ̀, dígí wà níwájú rẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ méjì wà lójú rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Wọn kò tí ì bí mi nígbà náà. Mo dàgbà bá ìró rẹ̀ ni, bí ọmọ ti ń dàgbà bá ohùn ìyá rẹ̀.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Àìsàn ojú ti gba ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé òjìji ènìyàn nìkan ni ó ń rí. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé, kò sì fẹ́ kí a máa fi ọwọ́ fà á kiri bí ọmọdé. Agogo yìí ni ó fi ń ṣètò ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń lù, ẹ ó rí i tí ó ń ká ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wí pé, "Ó ti di mẹ́ta, ẹ bá mi gbé omi àlùwàlá." Òun náà ni yóò wí pé, "Ó ti di méje, àwọn ọmọ yìí kò tí ì lọ sí ilé ìwé?" Ilé ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu nítorí pé ó mọ ìgbà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kun ilé lọ́dà. Àwọn akunlé gbé agogo sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n sì fi ọwọ́ tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni wọ́n gbé e padà kọ́. Wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà, ni wọ́n bá fi ìka ti ọwọ́ kúkúrú títí ó fi bá wákàtí mu. Ó dùn ún wò. Ojú rẹ̀ ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ń purọ́: ó ń fi ẹyọ kan dín. Bí ó bá di agogo mẹ́ta, méjì ni ó ń lù. Bí ó bá di márùn-ún, mẹ́rin ni. Ẹni tí ń wo ojú agogo kì í sì í ka ohùn rẹ̀.

Lóru ọjọ́ náà, ìyá mi jí láti jẹ sààrì. Ó gbọ́ tí agogo lu mẹ́rin, ó ní àyè ṣì pọ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó kí ìrun òru, ó sinmi díẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ẹyọ kan, ó mọ̀ pé àbọ̀ ni, ó ní mẹ́rin àbọ̀ ni. Ó wá jókòó ti ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ohùn mi dé láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó mi ní ó fi igbe ta, ó ní, "Ládàánì ti pe ìrun lóru o!"

Nígbà tí mo darí láti mọ́ṣáláṣí, ó ń dúró dè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó rán ọ ní irú iṣẹ́ yìí? Agogo kò tí ì lu márùn-ún, o ti pe Àsùbá."

Mo ní, "Ẹ dákun, ìyá mi, márùn-ún ti kọjá tipẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ó lu mẹ́fà."

Ó ní, "Jẹ́ kí ó lù ná."

A dúró. Ọwọ́ gígùn dé orí méjìlá, ọwọ́ kúkúrú wà lórí mẹ́fà, agogo sì lu márùn-ún, ó dákẹ́. Ìyá mi ká ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ìka ni ó ṣì í lọ́nà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan, ènìyàn lè san án padà, ó sì san án padà lẹ́yìn ìtúnu. Ohun tí ó wí ni pé, "Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń mọ ìgbà láì bi ẹnikẹ́ni léèrè nìyí. Òun náà ti wá ń purọ́ fún mi." Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọdé léèrè agogo, ẹ sì mọ ọmọdé: ẹ̀ẹ̀kan wọn a dáhùn, ẹ̀ẹ̀kejì wọn a kùn.

A pe ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní alágogo. Ó gba owó, ó yí ọwọ́ agogo síwá sẹ́yìn, ó ní ó ti parí. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, agogo ti ń fi méjì dín. Àwọn àbúrò mi bá dá owó jọ, wọ́n ra agogo tuntun oníbátìrì tí ń kọ orin kí ó tó lù. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dákẹ́ fọ́ọ́. A rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ń mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn; bí òkùnkùn bá ti dé, agogo náà a pa ẹnu dé kí ó má baà jí àwọn tí ń sùn. Ire ni fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n fún ìyá arúgbó tí ń jí jẹ sààrì, òru gan-an ni ó nílò ohùn. Bí irú agogo bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí a ti ń yí i kúrò lórí ìdákẹ́ òru. Bí ó bá sì jẹ́ pé iye tí ó ń lù ni kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣeé tún ṣe báyìí: ẹ yọ bátìrì, ẹ yí ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀ sórí méjìlá, ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ wá yí ọwọ́ gígùn síwájú dé ìgbà tí ó yẹ.

Ìyá mi kò fẹ́ tuntun. Ó ní ohùn agogo ọkọ òun ni òun mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ bá bàbá àgbà kan tí ó ti ń tún agogo ṣe ní Agége láti ìgbà pípẹ́. Bàbá náà kò kàn gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jókòó, kí n wo ohun tí ó ń ṣe, nítorí pé ohun tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò yẹ kí ó máa gbé ènìyàn wá sọ́dọ̀ òun. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Nínú agogo tí ń lù, ìránṣẹ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń rìn, èkejì ń ké. Èyí tí ń rìn ni ó ń gbé ọwọ́ agogo kiri. Èyí tí ń ké ni ó ń gbé òòlù kékeré tí ń lu irin. Ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì ti ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, ìdí sì nìyí tí ihò kọ́kọ́rọ́ fi jẹ́ méjì. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn, ihò ọ̀tún ni ti ìrìn, ihò òsì ni ti igbe. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ̀kẹta ni ti orin tí ń kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, bí agogo yín bá ń rìn ṣùgbọ́n tí kò lù mọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò kan ṣoṣo ni ẹni tí ń yí i ń rántí.

Báwo ni ìránṣẹ́ tí ń ké ṣe ń mọ iye tí yóò ké? Ọ̀nà méjì ni. Nínú irú kan, irin pẹlẹbẹ kan wà nídìí ọwọ́ kúkúrú, ó ní àtẹ̀gùn méjìlá yí ara rẹ̀ ká, ó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Kódà, ìgbín ni àwọn Òyìnbó tí ń ṣe agogo ń pè é. Bí wákàtí bá pé, apá irin kan a já bọ́ sórí àtẹ̀gùn náà. Bí ó bá bọ́ sórí èyí tí ó ga jù, agogo a lu ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá bọ́ sórí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù, a lu ẹ̀ẹ̀méjìlá. Nínú irú kejì, kẹ̀kẹ́ kan ni a gé ihò sí etí rẹ̀, àárín ihò kan sí èkejì ń gùn sí i. Èyí kò mọ ibi tí ọwọ́ agogo wà rárá. Ó ń kà bí ọmọ ilé kéwú tí ó há wàláà rẹ̀ sórí: lẹ́yìn mẹ́ta, mẹ́rin, lẹ́yìn mẹ́rin, márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a dúró lágbedeméjì, ibi tí ó bá a dé ni yóò ti máa bá a lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tí ẹ ní, ẹ jẹ́ kí ó lu wákàtí kan tán. Ẹ wá fa ọwọ́ gígùn sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún kí wákàtí náà pé, kí ẹ sì tún gbé e síwájú dé orí méjìlá. Bí ó bá lu iye kan náà, onígbìín ni. Bí ó bá lu iye tí ó tẹ̀ lé e, oníkẹ̀kẹ́ ni. Bí ọwọ́ bá ta kú tí kò fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Fún onígbìín, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé ọwọ́ gígùn dé orí méjìlá, kí ó lù, kí ẹ kà á. Ká ní ó lu mẹ́rin. Ẹ fi ìka mú ọwọ́ kúkúrú nìkan, kí ẹ rọra yí i sórí mẹ́rin. Ọwọ́ kúkúrú kò le. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀ ni, ó sì ṣeé yí síwájú àti sẹ́yìn. Nísinsìnyí ojú àti ẹnu ti ṣọ̀kan. Ohun tí ó kù ni kí ẹ yí ọwọ́ gígùn síwájú dé ìgbà tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dúró ní gbogbo àbọ̀ àti ní gbogbo wákàtí, kí ó lù tán kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ìkánjú níbí yìí ni ó ń ba agogo jẹ́. Tiwa jẹ́ onígbìín. Ẹ rí i pé ọwọ́ tí àwọn akunlé fi ìka tì gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀: wọ́n ti ojú agogo sí ibi tí ó wù wọ́n, ìgbín sì dúró sí ibi tí ó wà.

Fún oníkẹ̀kẹ́, ẹ fi ọwọ́ agogo sílẹ̀ ní ìgbà tí ó tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́, nínú àpótí. Bí ẹ bá fi ìka gbé e sókè díẹ̀, agogo a lù. Ẹ jẹ́ kí ó lù tán, ẹ tún gbé e, títí tí yóò fi lu iye wákàtí tí ó kọjá lójú rẹ̀. Bí kò bá sí wáyà, yíyí ọwọ́ gígùn sẹ́yìn díẹ̀ àti síwájú, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nígbà ìdánwò, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àìsàn mìíràn tún wà. Iye rẹ̀ lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ó máa lù lẹ́yìn tí ọwọ́ gígùn ti kọjá orí méjìlá, tàbí kí ó tó débẹ̀. Tiwa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́. Bàbá náà yọ nọ́ọ̀tì kékeré tí ó di ọwọ́ gígùn mú, ó yọ ọwọ́ náà, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Òrùka idẹ kan wà níbẹ̀, tí ihò àárín rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Òrùka yìí ṣeé yí lára ọwọ́ agogo bí a bá fi púláyà mú un dáadáa. Ó yí i ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó dá a padà, nígbà tí agogo sì tún lù, orí méjìlá gééré ni ọwọ́ wà. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, nítorí pé ọwọ́ agogo lè kán. Bí ọwọ́ yín kò bá le, ẹ fi í sílẹ̀ fún alágogo.

Kí agogo sì tó lè lù ní àkókò, ó gbọ́dọ̀ rìn ní àkókò. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀: àárín ìró ọ̀kan sí èkejì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá ń tiro bí arọ, kò dúró gbọọrọ lára ògiri nìyẹn. Ẹ rọra ti ìdí rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì títí ìró yóò fi dọ́gba. Bí ó bá ń pẹ́ lójoojúmọ́, ẹ yí nọ́ọ̀tì tí ó wà nísàlẹ̀ ìrù kí ìrù gòkè díẹ̀. Bí ó bá ń yá jù, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ní Lọ́ńdọ̀nù, agogo ńlá tí wọ́n ń pè ní Big Ben, tí ó ti ń rìn láti ọdún 1859, owó kọ́bọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń tò sórí ìrù rẹ̀ láti fi tún ìrìn rẹ̀ ṣe: ẹyọ kọ́bọ̀ kan péré a mú un yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lójúmọ́. Bí kọ́bọ̀ kan bá lè ṣe èyí fún agogo tí ó tóbi bí ilé, ẹ mọ̀ pé tinú pálọ̀ yín kò nílò agbára. Ẹ má sì da òróró ìsebẹ̀ tàbí kẹrosíìnì sínú rẹ̀ o! Eruku ọyẹ́ àti eruku ọ̀nà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, a sì di ẹrẹ̀.

Nísinsìnyí mo fẹ́ bá ẹ̀yin obìnrin sọ̀rọ̀. Nígbà tí agogo wa ti ń sọ òótọ́ padà, ìjà mìíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, ṣíìfù alẹ́ ni ó máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan nínú méjì. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó wọlé, ọ̀sán ni ó fi ń sùn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀: láti orí ẹyọ kan títí dé méjìlá jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó di 156, ẹ fi àwọn àbọ̀ mẹ́rìnlélógún kún un, ó di 180. Ìgbà 180 ni òòlù yẹn ń lu irin lójoojúmọ́, ìdajì rẹ̀ sì ń bọ́ sí etí ẹni tí ó fi gbogbo òru dúró nídìí ẹ̀rọ. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò bá Màmá jà, ṣùgbọ́n orun kò kún ojú mi mọ́. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ mú mi lọ́wọ́."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó ní ìwọ̀n. Ọ̀kan ń bẹ̀rù kí ó má pàdánù òmìnira rẹ̀, èkejì ń bẹ̀rù kí ó má pàdánù ìka rẹ̀. Nínú ilé púpọ̀, ibi báyìí ni ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ ti ń di ọ̀tá, tí wọn kì í sì í mọ̀ pé agogo ni ó dá a sílẹ̀. Mo tún padà tọ bàbá alágogo lọ. Ó ní awọ tí ó wà lórí òòlù ti gbẹ, ó ti le bí igi, ni ohùn fi ń han. Ó fi abẹ́rẹ́ gún awọ náà káàkiri títí ó fi rọ̀, ó sì tẹ wáyà òòlù díẹ̀ kí ó má baà sinmi lé irin lẹ́yìn tí ó bá ti lù ú. Nígbà tí a dé ilé, a gbé agogo kúrò ní pálọ̀, a gbé e kọ́ sí ara ògiri iyàrá Màmá fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó jinlẹ̀, ó ń dé etí ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ, kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà bí a bá ti í. Màmá fúnra rẹ̀ ni ó wá ń wí fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán pé, "Ẹ rọra, ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn."

Ohun kan wà tí àtúnṣe kankan kò lè mú kúrò, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní arúgbó nílé mọ̀ ọ́n. Agogo tí ń lu ẹyọ kan ní àbọ̀ yóò lu ẹyọ kan ní méjìlá àbọ̀, ẹyọ kan ní agogo kan, àti ẹyọ kan ní agogo kan àbọ̀. Ìgbà mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ohùn kan náà! Ẹni tí ó bá ta jí lóru tí ó gbọ́ ẹyọ kan kò lè mọ èyí tí ó jẹ́. Ìyá mi ní òun a mú tẹ̀sùbáà, òun a máa fà á títí agogo yóò fi lu iye mìíràn. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

Ẹ má sì ṣe gbà pé nítorí pé agogo lu méjìlá ní ọ̀sán, oòrùn ti wà ní àárín ọ̀run. Lọ́dọ̀ wa ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù September, ọdún 1919, ni wọ́n ti fi agogo ilẹ̀ wa sí wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá fi oòrùn Èkó gan-an wò ó, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti ààbọ̀ ni a fi ṣáájú wọn. Nítorí náà, oòrùn kì í dé àárín ọ̀run Èkó títí di nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November, àti nǹkan bí agogo kan ní àárín oṣù February. Bákan náà, wíwọ̀ oòrùn kì í dúró lójú kan: ní oṣù November, kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ tó lù ni oòrùn ti ń wọ̀, ní oṣù July, agogo méje a ti kọjá. Ẹni tí ó bá ń fi ìró agogo kan náà ṣínu láti ọdún dé ọdún ń tan ara rẹ̀ jẹ. Agogo ń sọ wákàtí. Oòrùn ni ó ń sọ ìgbà ìrun. Ẹ fi ìwé àkókò ìrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Agogo tí ń ké kì í ṣe ohun àjèjì fún àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 807, Hárúnà Ràṣíìdì, ọba Bàgídáàdì, fi agogo olómi kan tí wọ́n fi idẹ ṣe ránṣẹ́ sí Charlemagne, ọba àwọn Fránkì ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àkọsílẹ̀ àwọn Fránkì fúnra wọn sọ pé bí wákàtí bá pé, ọta idẹ a máa já bọ́ sórí àwo idẹ nísàlẹ̀, a sì dún. Àwọn ẹlẹ́ṣin kéékèèké méjìlá a sì máa jáde láti ojú fèrèsé méjìlá. Ní ọdún 1206, al-Jazari kọ ìwé ńlá lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nínú èyí tí agogo tí ó fi àwòrán erin ṣe wà. Ní Damásíkù, Ibn al-Shatir, ẹni tí ó kú ní ọdún 1375, ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àkókò ní mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo oòrùn àti ìràwọ̀ kí ládàánì má baà ṣì ìrun pè. Lónìí, ní Mẹ́kà, agogo tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43 ń bẹ lórí ilé tí ó ga ní mítà 601, oṣù ààwẹ̀ ọdún 2010 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti ti ọba dé ti òṣìṣẹ́ rélùwéè, ohun kan náà ni gbogbo wọn wà fún: kí ẹni tí kò ráyè wo ọ̀run lè mọ ìgbà.

Ní àgbègbè wa yìí, láti Ìkejà dé Agége, àkókò ni oúnjẹ wa. Ẹni tí ó pẹ́ dé ẹnubodè ilé iṣẹ́, owó ọjọ́ náà lè lọ. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní ọdún 2024, tí ó ń dúró ní Agége àti ní Ìkejà, kì í dúró de ẹni tí agogo rẹ̀ ń pẹ́. Gbogbo wa ni a ní fóònù lápò láti fi wo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo igun ilé yín dáadáa. Ta ni ó jókòó síbẹ̀ tí kò lè wo ojú fóònù? Ta ni ó ń ká ìka ọwọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa yí agogo yín ní ọjọ́ náà láì yẹ̀. Àwa fi í sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ yí ihò méjèèjì. Ẹ dúró, kí ó lù, kí ẹ kà á sókè kí àwọn ọmọ lè gbọ́, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ bóyá ó bá ẹnu rẹ̀ mu. Bí a bá gbé e sọ̀kalẹ̀ nítorí ọ̀dà tàbí nítorí ìnáwó, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ó gbé e padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ pa ohùn rẹ̀ dé, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí ń fi etí wò ó léèrè. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a dàgbà, kí Ó sì fún wa ní ọmọ tí yóò ro ti etí wa nígbà tí ojú bá rẹ̀ wá. Àmín.